Ọjà Àpòmù Kò Jẹ̀bi: Ọ̀rọ̀ lórí Jọ́nà Gbọ́mọgbọ́mọ àti Ìtẹ̀jáde Ọ̀fẹ́

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí ló yẹ fún àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí iṣẹ́ ìmọ̀ fi lè bọ́ lọ́wọ́ àbùkù ni kí yunifásítì kọ gbogbo jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Òwe mìíràn sì wà fún àwọn tó dúró ní òdìkejì, tí wọ́n ń sọ pé ìwé tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde ti di ìwé, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe béèrè ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ìjà tó wà láàrin ìhà méjèèjì yìí kì í ṣe ìjà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan. Ó kan olùkọ́ Yorùbá tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ó kan akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ tí yóò tọ́ka sí nínú àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀. Ó sì kan èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n bá kọ sínú jọ́nà lónìí ni olùkọ́ yóò fi kọ́ ọmọ lọ́la.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó yé ẹni tó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé ṣíṣí tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ìmọ̀ sílẹ̀ fún tolówó-tálákà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èkejì ni pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, wọ́n sì ń ṣe ọṣẹ́ tí kò kéré. Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́, ni pé òfin ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà gan-an ni ó ń bọ́ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ náà.

Ohun tó sọ jọ́nà di jọ́nà

Jọ́nà kì í ṣe ìwé ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pátákó ìpolówó. Ní ọdún 1665 ni Henry Oldenburg bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Philosophical Transactions ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn onímọ̀ lè máa sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó wá di àṣà pé kí olóòtú kọ́kọ́ fi iṣẹ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn mìíràn tó mọ ẹ̀kọ́ náà dunjú, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n sì sọ bóyá ó yẹ ní títẹ̀ tàbí kò yẹ. Àṣà yìí kò dàgbà lọ́jọ́ kan. Jọ́nà Nature, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1869, kò sọ ọ́ di dandan fún gbogbo àpilẹ̀kọ tí ó ń gbà títí di ọdún 1973.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà òyìnbó lásán ni èyí. Nínú agbo ìjálá, bí oníjàálá kan bá ṣi oríkì kì, tàbí tí ó gbé ìtàn ìdílé kan gba ibi tí kò tọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í wo ẹnu rẹ̀ lásán. Wọn a dá a dúró, wọn a sọ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, òun náà a sì gbèjà ara rẹ̀ bí ó bá ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Adébóyè Babalọlá kọ nípa ìjálá nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1966, ẹni tó bá sì mọ agbo náà mọ̀ pé etí àwọn tó gbọ́n ni ó ń sọ ẹnu oníjàálá di ẹnu tó ṣeé gbà gbọ́. Bí ó ti rí ní agbo ni ó rí nínú jọ́nà. Ibi tí kò bá ti sí ẹni tí yóò sọ pé “ó tì o”, kò sí jọ́nà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n kàn dì pọ̀ ni.

Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bú ìtẹ̀jáde ọ̀fẹ́ lónìí ti gbàgbé bí nǹkan ṣe rí kí ó tó dé. Ní ọdún 1986, ìjọba Nàìjíríà gba ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP, náírà sì já wálẹ̀ fíìfíì. Jọ́nà òkè òkun tí àwọn yàrá ìkàwé yunifásítì ti ń sanwó sílẹ̀ fún lọ́dọọdún wá di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Lórí ọ̀pọ̀ pẹpẹ ìwé, ìdìpọ̀ jọ́nà dúró sí ọdún tí owó tán, kò sì sí èyí tó tẹ̀lé e. Ìmọ̀ wà láyé o, ṣùgbọ́n ó di àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú ni fún adìyẹ. Èyí tó tilẹ̀ dunni jù ni pé ọ̀mọ̀wé Yorùbá lè ṣe ìwádìí lórí oríkì ìlú rẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ sínú jọ́nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, kí ọmọ ìlú náà tó fẹ́ kà á má rí owó tí wọn yóò bù fún un kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ìdí nìyí tí ìkéde tí wọ́n gbé jáde ní Budapest, olú ìlú Họ́ńgárì, ní oṣù Kejì ọdún 2002, fi dùn mọ́ àwọn ènìyàn nínú. Ohun tí ìkéde náà wí ni pé kí iṣẹ́ ìwádìí tí onímọ̀ kì í gba owó lé lórí di ohun tí gbogbo ayé lè kà, tí wọ́n lè dà kọ, tí wọ́n sì lè pín kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsanwó. Ní ọdún 2003, yunifásítì Lund ní Sweden bẹ̀rẹ̀ àkójọ orúkọ irú àwọn jọ́nà bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní DOAJ. Kí ó tó di ìgbà náà, ní ọdún 1998, African Journals Online ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà síta fún aráyé, ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Gúúsù Áfíríkà báyìí.

Àǹfààní rẹ̀ kò jìnnà sí ilé. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan ní Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ ka iṣẹ́ tí wọ́n kọ ní Ìlọrin, ní Dakar tàbí ní Brazil, láìjẹ́ pé yàrá ìkàwé kankan kọ́kọ́ sanwó fún un. Ẹni tó bá sọ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yìí padà, akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ó fẹ́ tì í mọ́.

Gbọ́mọgbọ́mọ wọ ọjà

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹni tó ń kàwé kò bá sanwó, ẹnìkan ni yóò san án. Ó lè jẹ́ ìjọba, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ onímọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó kọ ìwé náà fúnra rẹ̀. Ní ibi tí òǹkọ̀wé ti ń sanwó ni àlùmọ̀kọ́rọ́yí ti wọlé. Ní ayé àtijọ́, atẹ̀wé tó bá tẹ ìwé burúkú kò ní rí oníbàárà. Nísinsìnyí, atẹ̀wé tó bá kọ ìwé burúkú ni kò ní rí owó. Bí ó bá ṣe ń gbà wọlé tó ni àpò rẹ̀ yóò ṣe máa wú tó.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò ṣòro láti dá mọ̀. Wọn a kọ lẹ́tà sí ènìyàn tí wọn kò mọ̀ rí, wọn a máa pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá nígbà tí kò tí ì gba oyè kejì. Wọn a sọ pé kí ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, pé láàrin ọjọ́ mẹ́ta yóò ti di títẹ̀. Wọn a fún jọ́nà náà ní orúkọ tó gba gbogbo ayé kan, wọn a fi àdírẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York sí i, ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ní ibòmíràn ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọn a ko orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé gidi jọ sí ìgbìmọ̀ olóòtú láìtọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń jí orúkọ jọ́nà àtàtà gbé pátápátá, wọn a ya àwòrán rẹ̀, wọn a sì máa gba owó àwọn tí kò fura.

Jeffrey Beall, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní yàrá ìkàwé yunifásítì Colorado ní Denver, ni ó sọ wọ́n ní orúkọ tó mú wọn di mímọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2010. Ó fi wọ́n wé ẹranko apẹranjẹ. Ní èdè Yorùbá, gbọ́mọgbọ́mọ ni orúkọ tó bá wọn mu, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹranko kì í tan ẹran kí ó tó pa á, ṣùgbọ́n gbọ́mọgbọ́mọ a máa fi dídùn tan ọmọ kí ó tó gbé e lọ.

Ẹ̀rí pọ̀. Ní ọdún 2013, John Bohannon kọ ìwádìí irọ́ kan lórí oògùn àrùn jẹjẹrẹ, ó fi àṣìṣe tó hàn gbangba sínú rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà ọ̀fẹ́ 304. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú Science: 157 gbà á, 98 péré ni ó kọ̀ ọ́. Kí ó tún yé ni pé orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó hun jọ gẹ́gẹ́ bí orúkọ àwọn òǹkọ̀wé irọ́ náà. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kan ní Poland kọ̀wé nínú Nature pé àwọn hun ọ̀mọ̀wé kan tí kò sí láyé, Anna O. Szust, wọ́n sì bẹ jọ́nà 360 pé kí wọ́n fi í ṣe olóòtú. Jọ́nà 48 gbà á. Ní èdè Poland, oníjìbìtì ni ìtumọ̀ oszust, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè. Ní ọdún 2015, Cenyu Shen àti Bo-Christer Björk ṣírò pé àpilẹ̀kọ tí irú àwọn jọ́nà bẹ́ẹ̀ tẹ̀ jáde tó 53,000 ní ọdún 2010, ó sì ti di 420,000 ní ọdún 2014. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ wọ́n jẹ́ ará Éṣíà àti Áfíríkà.

Ilé ẹjọ́ náà ti dá sí i. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà pe ilé iṣẹ́ OMICS, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Hyderabad ní India, lẹ́jọ́ ní ọdún 2016. Ní ọdún 2019, adájọ́ ní kí ilé iṣẹ́ náà san owó tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là nítorí ẹ̀tàn tí wọ́n fi gba owó àwọn òǹkọ̀wé.

Ẹ̀kọ́ tí ọjà Àpòmù kọ́ni

Ẹni tó bá rí gbogbo èyí lè sọ pé kí wọ́n kúkú tú ọjà náà ká. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ ka ìtàn Àpòmù. Sámúẹ́lì Johnson kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá pé Àpòmù ni ọjà tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Kò sí ẹni tí wọn kì í jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́. Nítorí pé ojú rẹ̀ là sí gbogbo ayé ni ó fi lówó lórí, nítorí ìdí kan náà ni àwọn tó ń jí ènìyàn gbé sì fi fẹ́ràn rẹ̀. Wọn a máa mú àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó wá nájà, wọn a sì tà wọ́n sí oko ẹrú.

Nígbà ayé Aláàfin Abíọ́dún, wọ́n ránṣẹ́ pé kí àwọn ọba agbègbè náà dẹ́kun ìwà yìí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó tún gbérí. Wọ́n tún ránṣẹ́ sí Olówu, Olówu sì dìde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbọ́mọgbọ́mọ nìkan ni ó lé. Àwọn ìlú ni ogun kọlù, Àpòmù àti Ìkirè sì wà lára àwọn tí Johnson ka orúkọ wọn mọ́ àwọn tí ogun náà kàn. Ifẹ̀ bínú nítorí ìlú tirẹ̀ tó bàjẹ́, wọ́n gbógun ti Òwu. Lẹ́yìn náà ni ìjà lórí atare bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Àpòmù kan náà, Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1821 sì parí sí ìparun Òwu. Ẹni tó lọ tún ọjà ṣe ni ilé tirẹ̀ wó.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ṣe kedere. Ọjà Àpòmù kò jẹ̀bi. Ẹni tó jí ọmọ gbé jẹ̀bi, ẹni tó ra ọmọ náà jẹ̀bi, ẹni tó jẹ́ alágbára tó sì mọ̀, tí kò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà, jẹ̀bi pẹ̀lú. Yunifásítì tó bá kọ gbogbo jọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí àwọn oníjìbìtì ń ṣe bí Olówu ti ṣe. Ìlú aláìṣẹ̀ ni ó ń kọlù, gbọ́mọgbọ́mọ yóò sì ti gba ẹ̀yìn lọ.

Ta ni ó ń ra ọmọ tí wọ́n jí gbé?

Olè kì í pọ̀ níbi tí kò bá ti sí ẹni tí ń ra ẹrù olè. Ní ọdún 2014, Ayọ̀kúnlé Ọmọ́bọ̀wálé ti yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú Current Sociology. Ohun tí wọ́n tú fó ni pé nígbà tí àwọn yunifásítì Nàìjíríà sọ ọ́ di dandan pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ tẹ iṣẹ́ jáde ní òkè òkun kí ó tó ní ìgbéga, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sá lọ bá àwọn jọ́nà òkè òkun tó ń gba owó, tí kò sì ní láárí. Òfin tí wọ́n ṣe láti gbé iyì ìmọ̀ ga ni ó wá di ọ̀nà tí ìmọ̀ fi wọ́lẹ̀.

Kò yani lẹ́nu. Bí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá jókòó, tí wọ́n ka iye àpilẹ̀kọ, tí wọ́n wo àdírẹ́sì jọ́nà, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ni olùkọ́ tí ọmọ ń béèrè owó ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣe? Yóò ra àdírẹ́sì. Gbọ́mọgbọ́mọ kò ta ìmọ̀ fún un, òun náà kò sì ra ìmọ̀. Àdírẹ́sì ni wọ́n ń nájà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ìtìjú ni ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ Yorùbá. Ta ni ó wà ní òkè òkun tó lè yẹ àpilẹ̀kọ lórí ìró ohùn nínú ẹ̀sà egúngún wò ju ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀fà lọ? Ọ̀jọ̀gbọ́n Yorùbá wà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, iṣẹ́ wọn sì níyì, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni ó ń ṣe olóòtú àwọn jọ́nà ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ń ṣe é kò mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Wọn a yọ àmì ohùn, wọn a yọ àmì ìsàlẹ̀, gbogbo wọn a di oko. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ka irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá ìyàwó ni ó ń pọ́n ọkọ rẹ̀ lé ni tàbí àgbẹ̀ ni ó ń yin oko rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ náà yóò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí láé, tí ẹlòmíràn yóò máa tọ́ka sí i.

Kì í ṣe òní ni ìmọ̀ Yorùbá ti ń jìyà nítorí pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé òkè òkun. Ìwé Johnson tí ìtàn Àpòmù wà nínú rẹ̀ gan-an jẹ́ ẹ̀rí. Johnson parí rẹ̀ ní 1897, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù tún un kọ, kò sì jáde títí di 1921. Àwọn tí wọ́n ń fi òfin lé iṣẹ́ Yorùbá lọ sí ibi tí wọn kò ti mọ iyì rẹ̀ ń tún àṣìṣe ìgbà náà ṣe, àfi pé lónìí, ẹni tó gba ìwé náà kì í sọ ọ́ nù. Títẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́ láìkà á.

Àwọn àtakò tó yẹ ní dídáhùn

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀nà tálákà nìyí, pé jọ́nà ńláńlá kì í gba iṣẹ́ ọmọ Áfíríkà. Òótọ́ kan wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Nature kéde pé òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé yóò san 9,500 yúrò. Ní ilẹ̀ tí owó oṣù tó kéré jù tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ jẹ́ 70,000 náírà, ta ni yóò san irú owó bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n pé ilé olówó wọ́n kò sọ ayédèrú di ojúlówó. Ẹni tí ebi ń pa kò gbọ́dọ̀ jẹ májèlé nítorí pé oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì wọ́n.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìṣòro àwọn ilẹ̀ tí kò ní lọ́wọ́ ni. Irọ́ ni. Ilé iṣẹ́ Wiley ní Amẹ́ríkà ra Hindawi ní ọdún 2021 ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 mílíọ̀nù dọ́là. Ní ọdún 2023 nìkan, àpilẹ̀kọ tó lé ní 8,000 ni wọ́n ní láti fà sẹ́yìn nínú àwọn jọ́nà Hindawi, nítorí pé àyẹ̀wò tí wọ́n sọ pé wọ́n ṣe fún wọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Ibi tí owó bá ti ń tẹ̀lé iye tí wọ́n tẹ̀, ìdẹwò kan náà ni, ìbáà jẹ́ ààfin, ìbáà jẹ́ ahéré.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú gbogbo jọ́nà tó ti ilẹ̀ wa jáde, nítorí pé bébà rẹ̀ fúyẹ́ tàbí pé ó pẹ́ kí ó tó jáde. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bi àwọn tó ń ṣe dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíràn ìbá kó dànù, ni wọ́n ń fi ata àti epo pupa sọ di ohun tí èrò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń dúró rà. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàrin èyí tó pọ́n jù àti èyí tó jẹrà. Jọ́nà kékeré tí olóòtú rẹ̀ ń ka iṣẹ́, tó ń dá iṣẹ́ padà, tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, lè rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹrà. Lára àṣìṣe Beall, ẹni tó yọ àkójọ rẹ̀ kúrò lójú ayé ní oṣù kìíní ọdún 2017, ni pé ìdájọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì fìgbà gbogbo ya òtòṣì sọ́tọ̀ kúrò lára olè.

Àmọ́ kí àwọn olóòtú ilé náà má ṣe torí èyí jókòó sórí àléébù wọn. Jọ́nà tó ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé, tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ olóòtú ni ó ń yẹ iṣẹ́ ọ̀rẹ́ wò, tó jáde lẹ́ẹ̀kan tí kò sì jáde mọ́ lẹ́yìn tí ẹni tó dá a sílẹ̀ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, gbọ́mọgbọ́mọ ni òun náà. Pé ó ń sọ Yorùbá kò yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ọwọ́ àwọn yunifásítì ni iṣẹ́ kìíní wà. Kí ìgbìmọ̀ ìgbéga dẹ́kun kíka iye, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé. Kí olùkọ́ mú iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fi yangàn wá, kí wọ́n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Kí wọ́n gbà pé fún ìmọ̀ Yorùbá, ilé Yorùbá ni ilé ẹjọ́ tó ga jù.

Iṣẹ́ kejì wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀. Ọ̀nà kan wà tí òǹkàwé kò fi ní sanwó tí òǹkọ̀wé náà kò sì ní san. Ní Brazil, ọ̀pọ̀ nínú àwọn jọ́nà tó wà lábẹ́ SciELO, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ń fi owó ìlú gbé ara wọn ró, wọ́n sì ń tẹ iṣẹ́ ní èdè Potogí àti ti Sípéènì láìtijú. Àjọ TETFund, tí òfin ọdún 2011 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ń ná owó lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà. Ohun tó tọ́ ni kí àwọn ẹgbẹ́ béèrè pé kí apá kan nínú rẹ̀ máa gbé jọ́nà èdè abínibí ró, kí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò wọn ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ń lọ.

Iṣẹ́ kẹta wà lọ́wọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ tọ́ka sí àpilẹ̀kọ kan, tàbí tó fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí. Ta ni olóòtú, ṣé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni ó wà láàrin ìgbà tí iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn àti ìgbà tí wọ́n gbà á? Ṣé wọ́n sọ iye owó kí òǹkọ̀wé tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á? Ǹjẹ́ DOAJ tàbí African Journals Online mọ̀ wọ́n? Paríparí rẹ̀, bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti Yorùbá, ṣé àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀, ṣé àpẹẹrẹ tí wọ́n fà yọ bá ohun tí àwọn àgbà ń sọ mu? Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Olùkọ́ tó bá kọ́ ọmọ ní ìbéèrè márùn-ún yìí kí ó tó wọ yunifásítì ti fún un ní ohun tó ju àmì ìdánwò lọ, nítorí pé wọn kò ní rí i fi dídùn tàn.

Ọjà tí Johnson kọ̀wé nípa rẹ̀ kò ṣàìní àgbà. Àgbà wà níbẹ̀, àṣẹ náà wà, ṣùgbọ́n àwọn kan ń jẹ nínú owó tí wọ́n rí lórí ọmọ ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí lónìí nínú ọjà ìmọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí àwọn àgbà tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga àti ìgbìmọ̀ olóòtú dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà ọjà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ.